Ọkọ́ Tó Mu Omi Nídìí Ọgán

Ẹ̀yin ọmọ Ọkọ́mumi, ẹ fara balẹ̀, kí ẹ gbọ́ bí ilé ṣe di ilé.

Ọ̀gbẹlẹ̀ ló lé Ọdẹ́rìndé ọdẹ àtàwọn èèyàn rẹ̀ kúrò nílé bàbá wọn. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ, arúgbó kan tó máa ń ríran sọ fún wọn pé: “Ẹ má tìtorí ibòji dúró síbì kan. Ibi tí ọkọ́ bá ti mu omi ni kí ẹ tẹ̀dó sí.”

Ibi mẹ́ta làwọn ọkùnrin gbẹ́, erùpẹ̀ gbígbẹ ni wọ́n bá. Omi inú akèrègbè ti ń tán lọ. Ìgbà náà ni Efúnlékè, ìyàwó Ọdẹ́rìndé, rí i tí ikán ń gbé amọ̀ tútù gun ọgán kan nínú ẹ̀ẹ̀rùn gan-an. Ó fi ọ̀já gbá Àwẹ̀ró, ọmọ rẹ̀ kékeré, mọ́ ẹ̀yìn, ó ní kí wọ́n fún òun lọ́kọ́.

Láyé ọjọ́un, obìnrin kì í gbẹ́ kànga. Láwuyì, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, bú sẹ́rìn-ín: “Ìyàwó, o ò kúkú gba ọfà ọkọ ẹ, kó o lọ pa ẹfọ̀n wá fún wa!”

“Ọkọ mi, ẹ jẹ́ ká mu omi ná,” ni Efúnlékè wí. “Tá a bá mu tán, màá lọ pa ẹfọ̀n.”

Àyà Àyìnkẹ́, àkọ́bí rẹ̀, ń já. Bí ìyá òun ò bá kan omi ńkọ́? Ta ló máa gba àwọn lẹ́nu ayé? Síbẹ̀, ó ń kó erùpẹ̀ tí ìyá rẹ̀ ń gbẹ́ nídìí ọgán náà. Nígbà tí ọkọ́ gòkè tòun ti ẹrẹ̀, tí omi ń kán lára rẹ̀ tó, tó, tó, ńṣe ni Àyìnkẹ́ ń sunkún tó tún ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n sọ ibẹ̀ ní Ọkọ́mumi.

Ọdún gorí ọdún, Efúnlékè àti ọkọ rẹ̀ papò dà. Ó wá di ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ pín ilẹ̀. Láwuyì ní ọmọkùnrin nìkan ni kí wọ́n pín in fún. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, Ọdẹ́rìndé ò bí ọkùnrin. Àyìnkẹ́ kúnlẹ̀, ó gbé ọkọ́ ìyá rẹ̀ síwájú àgbà náà.

“Bàbá, ṣé ẹ ti mumi láàárọ̀ yìí?”

“Mo ti mu.”

“Ṣé ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá obìnrin ló gbẹ́ kànga náà?”

Láwuyì wo ọkọ́ náà títí. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀. “Efúnlékè ló bí ẹ lóòótọ́! Ẹ wọn ilẹ̀ fún Àyìnkẹ́ àti Àwẹ̀ró àbúrò rẹ̀.”

“Àti fáwọn ọmọbìnrin tiyín náà, bàbá,” ni Àyìnkẹ́ wí. Láwuyì sì gbà.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé títí dòní, bí a bá ń sọmọ lórúkọ, ì báà ṣe akọ, ì báà ṣe abo, ọkọ́ kékeré là ń gbé tì í lórí ẹní, tí baba rẹ̀ á sì fi ilẹ̀ tirẹ̀ hàn án. Ìyá ló ń fi omi kànga náà tọ́ ọ lẹ́nu, tá a ó máa kì í pé: “Ọmọ ọkọ́ mu omi, ọmọ abiyamọ tó gbẹ́ kànga tọmọtọmọ.”

Kànga náà ò sì gbẹ rí.