Ọjọ́ Tí Ìrù Fáàrí Kù Sóde

Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Bí ọmọdé bá gbọ́ òwe yìí, ó yẹ kó bi àgbà léèrè, nítorí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò tò tó bó ṣe dùn lẹ́nu. Ẹlẹ́dẹ̀ wo lẹ rí tó ń ṣe nǹkan díẹ̀díẹ̀? Ẹranko tó jẹ́ pé bó bá rí ẹrẹ̀, gbogbo ara ló fi ń wọ̀ ọ́, bó bá sì rí oúnjẹ, tòun ti ẹsẹ̀ ló ń bọ́ sínú abọ́. Ẹ tún wò ó: kí ló dé tó fi jẹ́ imú? Ẹni tí ẹlẹ́dẹ̀ bá ba ọgbà rẹ̀ jẹ́ kì í ké nítorí imú, nítorí ẹlẹ́dẹ̀ ló ń ké. Ó yẹ kí àwọn àgbà ti sọ pé díẹ̀díẹ̀ ni ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà, kí wọ́n fi imú sílẹ̀ kó máa mí. Ṣùgbọ́n imú ni wọ́n pè, imú náà ni wọ́n sì fẹ́ pè. Ẹ fara balẹ̀, ẹ ó gbọ́ ìdí rẹ̀.

Ìlú kan wà tó ń jẹ́ Ìdí-Ọdán. Igi ọdán ńlá kan wà láàrin ìlú náà, abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti ń dájọ́. Àwọn ará ibẹ̀ fẹ́ràn àríyànjiyàn ju oúnjẹ lọ. Bí iṣu bá ń jóná lórí iná, tí ẹnìkan bá béèrè pé kí là ń pè ní jíjóná gan-an, wọn á fi iṣu sílẹ̀, wọn á jókòó ti ìbéèrè. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni Baálẹ̀ wọn ń gbà dájọ́: ẹni tí kò bá rí èsì fọ̀ mọ́ ló jẹ̀bi.

Obìnrin kan tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró ń gbé níbẹ̀. Opó ni, ọgbà ẹ̀fọ́ ló sì fi ń jẹun, ní àkùrọ̀ létí odò, níbi tí ilẹ̀ kì í ti í gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, gbúre, ata, ilá, kò sí èyí tí ọwọ́ rẹ̀ gbìn tí kì í hù. Ilẹ̀ náà kì í ṣe tirẹ̀. Ti agboolé ọkọ rẹ̀ ni, wọ́n sì ti là á yé e pé níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀fọ́ bá wà lórí ebè, òun ni yóò máa ro ó, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ebè bá ṣófo, ilẹ̀ yóò padà sọ́wọ́ àgbà agboolé. Àgbà agboolé yẹn ni Ọdẹ́yalé.

Ẹ má rò pé Àwẹ̀ró jẹ́ obìnrin jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ o. Ẹnu rẹ̀ mú. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ wà láyé, ọkọ á jókòó sábẹ́ ọdán, Àwẹ̀ró á dúró lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú agbọ̀n ẹ̀fọ́ lórí, á máa sọ èsì sí i létí. Kò sí ohun tó fẹ́ràn tó ọ̀rọ̀ tó bá jinlẹ̀, kódà bó jẹ́ ẹnu ọ̀tá ló ti jáde. Ìyẹn gan-an ló fẹ́rẹ̀ẹ́ kó bá a.

Ọdẹ́yalé ní tirẹ̀ kì í lọ sóko. Ẹnu ni ọkọ́ rẹ̀. Ó ní abo ẹlẹ́dẹ̀ kan tó sọ ní Fáàrí, ó sanra débi pé ikùn rẹ̀ ń wọ́lẹ̀. Kì í so ó mọ́lẹ̀. Ó ní kò yẹ ọmọlúàbí kó so ẹni tí kò jalè.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Àwẹ̀ró rí imú Fáàrí láàrin ọparun tó fi ṣe ọgbà. Kí ó tó sáré débẹ̀, imú ti fa ìdí tẹ̀tẹ̀ kan tu. Àwẹ̀ró gbé ẹjọ́ dé abẹ́ ọdán.

"Baálẹ̀, òfin wa ni pé ẹran tó bá wọ ọgbà ọlọ́gbà, ọlọ́gbà ló ni ín. Ẹlẹ́dẹ̀ ọkọ mi wọ ọgbà mi lónìí." Bí àwọn ìyàwó ilé ṣe ń pe ọkùnrin agboolé ni ó ṣe pe Ọdẹ́yalé.

Ọdẹ́yalé dìde, ó ká etí agbádá rẹ̀ sórí èjìká. "Ìyàwó wa, kí lo rí nínú ọgbà?"

"Imú ni mo rí."

"Imú nìkan?"

"Imú nìkan."

"Ẹ gbọ́ o. Bí mo bá ń kọjá lọ, tí mo fi imú gbóòórùn ọbẹ̀ ilé Baálẹ̀, ṣé mo ti jẹun nílé Baálẹ̀ nìyẹn? Imú kì í ṣe ẹlẹ́dẹ̀. Òde ni ẹlẹ́dẹ̀ mi dúró sí."

Ẹ̀rín pa gbogbo ìlú. Baálẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì dá Ọdẹ́yalé láre. Èyí tó burú jù ni pé Àwẹ̀ró náà rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ ọn. Bó ṣe ń lọ sílé, ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé, "Lóòótọ́ kúkú ni, imú kì í ṣe ẹlẹ́dẹ̀." Ìgbà tó dé ìdí ebè ló tó rántí pé tẹ̀tẹ̀ òun kò bá òun padà wálé.

Ó wá ẹ̀gún, ó fi dí ihò tí imú ń gbà wọlé. Fáàrí padà wá, ẹ̀gún ya á nímú. Ọdẹ́yalé fi okùn fa ẹran rẹ̀ lọ sábẹ́ ọdán, ó ní imú tí Baálẹ̀ dá láre ni ìyàwó àwọn gún lẹ́gùn-ún yìí. Ìlú tún rẹ́rìn-ín. Baálẹ̀ ní kí Àwẹ̀ró yọ ẹ̀gún kúrò. Bó bá fẹ́ tún ọgbà ṣe, kó fi ohun tí kò ní ṣe ẹran léṣe tún un ṣe, kó má sì dí ihò náà pa, nítorí imú tí kò jẹ̀bi lẹ́tọ̀ọ́ láti gbóòórùn. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ̀rín tí Àwẹ̀ró rín kò dé ikùn.

Láti ọjọ́ náà, imú kò dúró ní imú mọ́. Ojú tẹ̀ lé e. Etí tẹ̀ lé ojú. Fáàrí jẹ tẹ̀tẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà tán, ó ń na ọrùn sí ṣọkọ. Àwẹ̀ró tún gba abẹ́ ọdán lọ, ó ní orí ti wọlé o.

"Bí o bá ra orí ẹlẹ́dẹ̀ lọ́jà," ni Ọdẹ́yalé wí, "ṣé o lè délé kó o ní ẹlẹ́dẹ̀ lo rà? Orí kì í ṣe ẹlẹ́dẹ̀. Ṣùgbọ́n ká tiẹ̀ gbà fún ọ pé ẹran mi ń wọlé. Níbo ló ti di ẹlẹ́dẹ̀? Ṣé ní etí ni àbí ní ọrùn? Fi irun kan hàn mí lára rẹ̀, tó jẹ́ pé kí irun yẹn tó wọlé, kò sí ẹlẹ́dẹ̀ nínú ọgbà, bó sì ti wọlé tán, ẹlẹ́dẹ̀ dé."

Àwẹ̀ró la ẹnu. Ó wá irun náà nínú ọkàn rẹ̀ láti imú dé ìrù, kò rí i. Ó pa ẹnu dé, Baálẹ̀ sì dá a lẹ́bi. Bí wọ́n ti ń tú ká, Ọdẹ́yalé sún mọ́ ọn, ó rọ ohùn sílẹ̀.

"Ìyàwó wa, má jẹ́ kó dùn ọ́ jù. Bí ebè bá ti ṣófo tán, ilẹ̀ á padà sílé, ìwọ náà á sì sinmi."

Ìgbà yẹn ni ojú Àwẹ̀ró là. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ló dùn mọ́ ọkùnrin yìí. Àkùrọ̀ ló ń wò. Ó rìn délé, ó jókòó ti ààrò, ó sunkún, nítorí bí ilẹ̀ yẹn bá lọ, kò mọ ohun tí yóò máa jẹ.

Ṣùgbọ́n ẹni tó ní ọgbà kì í sunkún pẹ́, torí koríko kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ebè gbúre, ó ń tu èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Bó ti di ọ̀kan mú, ìbéèrè Ọdẹ́yalé tún ń pariwo lórí rẹ̀, ló bá kúkú yí ìbéèrè náà sí gbúre.

"Ìwọ gbúre, ọjọ́ wo lo di ẹ̀fọ́?"

Àwẹ̀ró fúnra rẹ̀ ronú lọ sẹ́yìn. Lánàá, ẹ̀fọ́ ni. Ṣé ọjọ́ tó yọ ewé ni? Ewé ìgbà yẹn kò tíì kún ojú èékánná. Ṣé ọjọ́ tó hù ni? Ó wá ọjọ́ náà títí, kò rí i, gẹ́gẹ́ bí kò ti rí irun náà lára Fáàrí. Ó wá wo ọwọ́ rẹ̀. Ẹ̀fọ́ ló wà níbẹ̀, tútù yọ̀yọ̀, kò sí àní-àní. Ó jókòó sílẹ̀ lórí erùpẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó dé ikùn. Ó rí nǹkan kejì bákan náà, ṣùgbọ́n ìyẹn ó fi sínú.

Apẹja ni bàbá tó bí i, ó sì mọ ìgèrè hun, apẹ̀rẹ̀ ẹja tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ lóde tó ń fún bọ̀ nínú, tí ẹja tó bá gba ibẹ̀ wọlé kì í padà. Àwẹ̀ró gé ọparun tútù, ó là á, ó fá ẹnu rẹ̀ títí tó fi ń dán, ó sì fi hun ihò náà bí ẹnu ìgèrè, gbogbo orí rẹ̀ kọjú sínú. Ojú ọ̀sán gangan ló ṣe é, ẹni tó bá ń kọjá ń rí i. Kò sí ẹ̀gún kankan níbẹ̀, kò sì dí ihò pa. Bí Baálẹ̀ ti wí ló ṣe.

Kò pẹ́ tí Fáàrí fi dé. Imú wọlé, orí wọlé, ọparun rọ̀, ó yà fún un. Àyà wọlé, ikùn wọlé. Nígbà tó kan ìdí, ó há. Ó ní kí òun padà, ọparun fún mọ́ ọn. Ó bú sígbe, igbe náà sì kó gbogbo Ìdí-Ọdán wá sí àkùrọ̀, Baálẹ̀ tòun ti ọ̀pá rẹ̀. Wọ́n bá Fáàrí nínú ọgbà, ó ń jẹ ṣọkọ láàrin igbe, ìrù rẹ̀ nìkan ló ń jù lóde.

Ọdẹ́yalé kò bẹ̀rù rárá. "Baálẹ̀, ẹ fojú ara yín rí i. Ìrù wà lóde. Ohun tó wà nínú yẹn kò tíì pé, ohun tí kò bá sì pé kì í ṣe ẹlẹ́dẹ̀. Títí ìrù yóò fi wọlé, kò sẹ́ni tó lè ní ẹlẹ́dẹ̀ wọgbà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Baálẹ̀ yíjú. "Àwẹ̀ró, o gbọ́. Kí lo rí sọ?"

"Mo gbà fún ọkọ mi," ni Àwẹ̀ró wí.

Ó yíjú sí Baálẹ̀.

"Imú kì í ṣe ẹlẹ́dẹ̀. Wọ́n ti sọ ọ́, ẹ sì ti fọwọ́ sí i. Orí kì í ṣe ẹlẹ́dẹ̀. Wọ́n sọ ìyẹn náà. Lónìí wọ́n ní àyà, ikùn àti ẹsẹ̀ kì í ṣe ẹlẹ́dẹ̀. A jẹ́ pé kò sí ẹlẹ́dẹ̀ kankan nínú ọgbà mi. Òde ni ẹlẹ́dẹ̀ ọkọ mi wà." Ó mú ọ̀bẹ tó fi ń gé ẹ̀fọ́, ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí Ọdẹ́yalé. "Ẹ gbà, ọkọ mi. Ẹ gé ẹlẹ́dẹ̀ yín kúrò lára ọgbà mi, kí ẹ máa mú un lọ sílé. Èyí tó wà nínú, inú ọgbà mi ló ti hù. Bí mo ṣe ń ká ẹ̀fọ́ ni n ó ṣe ká a."

Ọdẹ́yalé wo ọ̀bẹ, ó wo ìrù. "Ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ ni ẹlẹ́dẹ̀, ìyàwó wa."

"Láti ibo, ọkọ mi? Ẹ fi irun tó ti bẹ̀rẹ̀ hàn mí."

Ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ kì í tán lẹ́nu rẹ̀ fi ojú wọn Fáàrí láti ìrù dé orí. Bó bá ní láti ọrùn ni, orí lọ. Bó bá ní láti etí ni, ìyókù orí lọ. Kò fẹ́ kí èékánná kan lọ lára Fáàrí. Ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

"Láti imú ni."

Ariwo tó sọ ní àkùrọ̀ lọ́jọ́ náà, ará ìlú kejì gbọ́ ọ. Àwọn obìnrin gbé Àwẹ̀ró sókè tòun ti ẹrẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀. Baálẹ̀ na ọ̀pá, wọ́n dákẹ́.

"Ó dáa, Àwẹ̀ró. Ọjọ́ wo gan-an ló wá wọlé?"

"Baálẹ̀, irúgbìn tẹ̀tẹ̀ kò ju eruku lọ. Láti ìgbà ọmọge ni mo ti ń gbìn ín, n kò rí ọjọ́ tó ń di ẹ̀fọ́ rí. Ṣùgbọ́n bí mo bá wọ́n irúgbìn lé yín lórí iyán, tí mo ní ẹ̀fọ́ nìyí, ẹ ó lé mi jáde. A kò mọ ọjọ́ tó di ẹ̀fọ́, síbẹ̀ a mọ ẹ̀fọ́. Kò sí ọjọ́ kan tí ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà, ẹni tó bá sì ń dúró de ìrù kò ní bá ẹ̀fọ́ níbẹ̀ mọ́. Ọlọ́gbà kì í wá irun. Ibi tí imú bá kọjú sí ló ń wò."

Baálẹ̀ mi orí títí. "Èmi ni mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín," ló wí. "Ẹ̀rín mi ló fún imú láyè." Ó dájọ́ níbẹ̀ pé Àwẹ̀ró ló ni Fáàrí, pé kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ gba àkùrọ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́, kí wọ́n sì gbé àpótí kan fún un lábẹ́ ọdán, kó yé dúró lẹ́yìn èèyàn sọ̀rọ̀.

Àwẹ̀ró kò pa Fáàrí. Ó kọ́ ilé fún un lẹ́yìn ọgbà, ìgbẹ́ rẹ̀ ló ń kó sí ìdí ebè, tẹ̀tẹ̀ ọdún náà sì ga dé àyà èèyàn. Inú rẹ̀ dùn débi pé orin ló fi ń ro ilẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ kan, ó ń se ẹ̀fọ́ létí ọgbà nígbà tí Ọdẹ́yalé ń kọjá lọ. Ọkùnrin náà dúró, ó na ọrùn kọjá ọparun, ó fa afẹ́fẹ́ símú.

"Ìyàwó wa, ọbẹ̀ yìí ń ta sánsán o."

"Ẹ dúró níbẹ̀, ọkọ mi," ni Àwẹ̀ró wí, kò gbójú sókè. "Imú yín ti wọlé."

Ọdẹ́yalé rẹ́rìn-ín títí ó fi di ọparun mú, Àwẹ̀ró sì bu ọbẹ̀ fún un, ó gbé e fún un níta. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pe imú, tí wọn kì í pe ẹlẹ́dẹ̀. Bí àlejò bá tọrọ etí ẹní, tí ẹ gbà, tó tún ní kí ẹ sún díẹ̀ sí i, ẹ má jókòó máa wọn ẹní o. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.