Ògiri Akínlùyì

Ní Ìkirè, bí nǹkan bá sọnù níbi tí ẹni tó ni ín ti búra pé kò lè sọnù, àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà á ní, “Ògiri Akínlùyì ò yẹ̀, ará ilé ló kó jáde.” Àlejò á béèrè ibi tí ògiri náà wà. Kò sí ògiri níbì kankan. Ilé ìwòsàn lọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Akínlùyì ló kọ ètò tí ilé ìwòsàn kékeré kan fi ń tọ́jú àkọsílẹ̀ aláìsàn. Ó mọ iṣẹ́, ó sì mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n. Orúkọ aláìsàn, irú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ àti àwọn oògùn tí ara rẹ̀ kọ̀, inú túpù ló dì wọ́n sí. Túpù ni àpò tí èdè kọ̀ǹpútà Python kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yí padà bí a bá ti dì í tán.

“Ògiri ni mo mọ yìí,” ló sọ fún Mọ́rèniké tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. “Kò sọ́wọ́ tó lè mì ín.”

Mọ́rèniké wo ojú kọ̀ǹpútà. “Lísìtì lo fi to àwọn oògùn sínú rẹ̀. Àpò tó ṣeé yí ni lísìtì.”

“Inú ògiri ló wà. Níbo ló máa gbà jáde?”

Mọ́rèniké yíjú padà sí kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Òun náà níṣẹ́ lọ́wọ́.

Lọ́sẹ̀ kejì, Màmá Ọlátóún gbé egbò ẹsẹ̀ wá. Nọ́ọ̀sì Ìbídùn yẹ àkọsílẹ̀ wọn wò: kò sí oògùn kankan tí ara wọn kọ̀. Ó bá fa pẹnisílíìnì sínú abẹ́rẹ́.

“Kí ni wọ́n ń pe èyí, ọmọ mi?”

Ìbídùn dárúkọ rẹ̀. Màmá fa apá wọn sẹ́yìn.

“Èyí tó fẹ́ pa mí níjọ́sí nìyẹn! Ojú mi lẹ ṣe kọ ọ́ sílẹ̀.”

Wọ́n ránṣẹ́ pe Akínlùyì. Ó jókòó, ó gbìyànjú láti yí irú ẹ̀jẹ̀ Màmá padà. Python kọ̀ jálẹ̀.

“Ẹ ò rí i? Kò ṣeé yí.”

“Ẹ̀jẹ̀ kọ́ ni mò ń wá,” Ìbídùn dá a lóhùn. “Oògùn ni.”

Akínlùyì wá ka iṣẹ́ rẹ̀ látòkè. Nísàlẹ̀ ló ti bá ìlà kan tí òun fúnra rẹ̀ kọ: bí ètò bá ti tẹ káàdì aláìsàn tán, kí ó da gbogbo ohun tó wà nínú lísìtì oògùn nù. Ẹ̀dà ló rò pé ó ń dà nù. Kì í ṣe ẹ̀dà; lísìtì inú túpù gan-an ni. Gbogbo ẹni tó ti gba káàdì ni àkọsílẹ̀ oògùn rẹ̀ ti ṣófo. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

“Ẹ jọ̀ọ́, Màmá. Ògiri tí mo mọ ò yẹ̀ o…”

“Àwọn ará ilé wá dà?”

“Èmi ni mo kó wọn jáde, mà.”

Ọjọ́ mẹ́rin ló fi tún gbogbo rẹ̀ kọ láti inú fáìlì oníwèé. Lọ́tẹ̀ yìí, ó sọ lísìtì oògùn náà di túpù. Bí oògùn tuntun bá yọjú, túpù mìíràn ni wọ́n ń dì, wọn a sì fi rọ́pò ti àtijọ́.

Ohun tí wọ́n ń wí nìyẹn tí wọ́n bá ní, “Ògiri Akínlùyì ò yẹ̀, ará ilé ló kó jáde.” Akínlùyì náà a máa pa á lówe. Kì í rẹ́rìn-ín tó bá ń pa á.