Ìròyìn Tó Wà Lábẹ́ Òwú

Tìbẹ̀rù-tìbẹ̀rù là ń wọ ilé-iṣẹ́ aṣọ Òkè-Ọ̀pẹ láyé ìgbà náà. Bí àwa igba obìnrin bá ti wọlé tán, mánéjà á ní kí wọ́n fi ṣéènì de ilẹ̀kùn láti ìta, ó ní olè ni wá. Eruku òwú á gba gbogbo inú ilé, ẹ̀rọ á máa gbóná, kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́wọ́ gaadi ní géètì. Ta ni kò mọ ohun tí iná ń fi òwú ṣe? Àyà wa kì í balẹ̀ títí agogo yóò fi lù.

Àṣé Ọlọ́run ti fi Móradéùn sáàárín wa, ọmọ alágbẹ̀dẹ Ìsàlẹ̀-Odò, abẹ́rẹ́ tó kéré tí kì í ṣe mímì fún adìyẹ. Òun ló ń wé òwú mọ́ kóònù páálí tí àwa ahunṣọ ń lò. Kó tó wé e, á kọ ìròyìn sára páálí náà: ẹni tí ẹ̀rọ gé níka, ẹni tí wọ́n lé torí oyún, ṣéènì ẹnu ọ̀nà. Òwú á bò ó mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá lo òwú náà tán ló máa kà á, á sì tì í bọ àyà, kó lè fún ẹlòmíràn kà. Ìwé ìròyìn wa nìyẹn.

Lọ́jọ́ kan, kóònù kan bọ́ sọ́wọ́ mánéjà. Ó tò wá sórí ìlà, ó ní bí ẹni tó kọ ọ́ ò bá jáde, gbogbo wa la máa lọ sílé. Kí n má parọ́, díẹ̀ ló kù kí n dárúkọ rẹ̀. Móradéùn bọ́ síwájú.

"Èmi ni, sà. Ẹ lé mi. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ jókòó tì wá, kí wọ́n de ṣéènì yẹn, títí agogo yóò fi lù. Bí àyà yín ò bá já, a jẹ́ pé irọ́ ni mo kọ."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó jókòó, wọ́n sì de ṣéènì láti ìta. Kò pẹ́ tí bẹ́líìtì ẹ̀rọ kan bẹ̀rẹ̀ sí í rú èéfín, bó ṣe máa ń ṣe. Àwa pa ẹ̀rọ náà, a dúró tì í. Mánéjà ti dé ẹnu ọ̀nà, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì gbá ilẹ̀kùn, ó ń ké pe gaadi. Èéfín ti lọ tán kí gaadi tó dé.

Ọjọ́ náà ni wọ́n tú ṣéènì dànù. Wọ́n sì lé Móradéùn. A sunkún títí. Àmọ́ òwú tó ti wé ṣì pọ̀ nílẹ̀. Odindi oṣù mẹ́ta ni ìròyìn rẹ̀ ṣì fi ń yọ sí wa lábẹ́ òwú. Ọwọ́ mi ni èyí tó kẹ́yìn bọ́ sí: "Ẹ̀yin èèyàn mi, bí ẹ bá ka èyí tán, ẹ wo ilẹ̀kùn."

Mo wò ó. Ó ṣí sílẹ̀. Títí dòní, obìnrin tó bá lo òwú kan tán ní Òkè-Ọ̀pẹ, ilẹ̀kùn ló máa kọ́kọ́ wò kó tó mú òmíràn.