Ọ̀gá Tí Kì Í Pa Ìsìnkú Jẹ

Ọkùnrin kan wà tí kì í pa ìsìnkú jẹ. Òun ni ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́ omi ìjọba ní ìlú kan. Bí òbí òṣìṣẹ́ rẹ̀ bá kú, ì báà jẹ́ òbí akọ̀wé, ì báà jẹ́ ti ẹni tó ń gbálẹ̀, yóò débẹ̀. Kì í rán ènìyàn lọ. Yóò dúró létí sàréè títí wọn yóò fi kó erùpẹ̀ bò ó tán, omi yóò sì máa bọ́ lójú rẹ̀. Kì í ṣe ẹkún ẹ̀tàn o. Àánú ènìyàn a máa ṣe é nítòótọ́.

Akọ̀wé kan wà lábẹ́ rẹ̀ tó ń jẹ́ Ìbíyẹmí. Òun nìkan ni ọmọ tó kù fún bàbá rẹ̀. Wólé-wólé ni bàbá náà láyé ọjọ́un. Ilé dé ilé ló ń wọ̀, á yẹ ìkòkò omi wò, á yẹ kànga wò, ẹni tí tirẹ̀ bá dọ̀tí á fojú ba ilé ẹjọ́. Nígbà tí ogbó dé, iyè rẹ̀ rá. Ó gbàgbé orúkọ ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, á wọ bàtà, á bọ́ sójú títì, á máa wọ ilé onílé. Wọ́n ti nà án rí ní àdúgbò tí wọn kò ti mọ̀ ọ́n. Wọ́n pè é ní olè.

Ìbíyẹmí bá bẹ̀rẹ̀ sí í mú un wá síbi iṣẹ́. Ó ń gbé àga fún un ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àwọn abiyamọ tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ náà ń kó ọmọ wọn wá, nítorí wọn kò rí ẹni gbé wọn tì. Bàbá a máa pe àwọn ọmọ náà jọ, a ní kí wọ́n na ọwọ́, a yẹ èékánná wọn wò.

"Èyí mọ́. Ìwọ, lọ fọ tìrẹ."

Ọmọ á sáré lọ fọwọ́, á sáré padà wá. Ọ̀gá pàápàá dúró wò wọ́n lọ́jọ́ kan. Ó na ọwọ́ tirẹ̀ sí bàbá, ó sì rẹ́rìn-ín.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́ pé àwọn aláṣẹ ń bọ̀ láti olú ìlú wá bẹ ilé iṣẹ́ náà wò. Ọ̀gá ní kí wọ́n kó ọmọdé àti arúgbó kúrò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìbíyẹmí àti àwọn abiyamọ wọlé tọ̀ ọ́, wọ́n kúnlẹ̀.

Ìbíyẹmí ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, yàrá kan wà lẹ́yìn tí ẹnikẹ́ni kò lò. Ẹ fún wa. Àwa fúnra wa la ó wá ìyá kan tí yóò máa mójú tó wọn. Bí wọ́n bá wà nítòsí, ọkàn wa á balẹ̀, iṣẹ́ náà á sì yá."

Ọ̀gá kò bínú. Ó ní, "Mo gbọ́ yín. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ ìjọba nìyí. Bí mo bá gba ọmọ, tí mo gba arúgbó, ẹlòmíràn á fa ewúrẹ́ rẹ̀ wá lọ́la."

Ó rò pé òun ń ṣàwàdà ni. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

"Ṣé kí n máa ti bàbá mi mọ́lé ni, sà?"

"Ẹ ó wá ọgbọ́n dá sí i. Gbogbo wa la ní wàhálà ilé."

Àwọn aláṣẹ dé, wọn kò tilẹ̀ wo ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà. Wọ́n mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò, wọ́n lọ. Àṣẹ ọ̀gá kò bá wọn lọ.

Láràárọ̀ ni Ìbíyẹmí ń ti géètì mọ́ bàbá rẹ̀ kí ó má baà bọ́ sójú títì. Ó bẹ aládùúgbò kan kó máa yọjú lórí ògiri wo bàbá. Ṣùgbọ́n kànga wà nínú ọgbà náà. Lọ́jọ́ tí aládùúgbò náà lọ kí ọmọ rẹ̀ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, bàbá lọ síbi kànga, ó sì jìn sínú rẹ̀. Ìdérí kànga tí wọ́n bá nílẹ̀, tí bàbá gbé kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ni wọ́n fi mọ̀ pé iṣẹ́ ló ń ṣe.

Ọ̀gá ló kọ́kọ́ dé. Ó sunkún bí ẹni pé bàbá tirẹ̀ ni. Ó ní kí wọ́n ti ilé iṣẹ́ pa lọ́jọ́ ìsìnkú. Ó fi bọ́ọ̀sì ìjọba kó gbogbo òṣìṣẹ́ wá. Àwọn abiyamọ gbé ọmọ wọn dání, kò sì sẹ́ni tó lé ọmọ kankan. Létí sàréè, ó di ọwọ́ Ìbíyẹmí mú.

"Má wá síṣẹ́ fún oṣù kan. Jókòó sílé. Mo ti fọwọ́ sí i."

Ìbíyẹmí wò ó lójú. Ó ní, "Ta ni kí n jókòó tì, sà?"

Nínú mọ́tò, ọ̀gá sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ náà dun òun. Lẹ́yìn gbogbo oore tóun ṣe! Ìyàwó rẹ̀ ní kó má bínú, pé ọ̀fọ̀ ló ń sọ̀rọ̀. Ó gbà bẹ́ẹ̀. Yàrá ẹ̀yìn kò sì wá sí i lọ́kàn rárá.

Nínú àwọn abiyamọ yẹn, ọ̀kan fi iṣẹ́ sílẹ̀. Òmíràn ń so ọmọ tirẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ ibùsùn kó tó jáde láràárọ̀. Ọ̀gá kò mọ̀, nítorí ọmọ náà kò tí ì kú.

Ìwọ tí wọ́n fi ṣe olórí, ìwọ ni mo ń bá wí. Mo mọ̀ pé o láàánú. Mo ti rí ọ níbi òkú púpọ̀, mo sì ti rí omi lójú rẹ. Ṣùgbọ́n òkú kò mọ ẹni tó sunkún òun. Nígbà tí o bá dé ibi iṣẹ́ lọ́la, kí o tó jókòó, bi àwọn tó ń sìn ọ́ léèrè pé: ta ni ẹ tì mọ́lé kí ẹ tó wá? Kí o sì dúró gbọ́ èsì.