Ọ̀nà Tí Ilẹ̀ Gbà Gun Òkè

"Ikùn ọ̀pẹ̀ òyìnbó ń tanni jẹ, ìdí rẹ̀ ni ọkàn ti ń bẹ̀rẹ̀." Bí ẹ bá dé ìlú Ìpóyè, ẹ ó gbọ́ òwe yìí kí ẹ tó jókòó tán. Wọ́n ń pa á níbi tí wọ́n bá ti ń parí ìjà, wọ́n ń pa á láàárín tọkọtaya, kódà àwọn ọmọdé ń fi í dá ara wọn lóhùn. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ mọ gbòǹgbò rẹ̀? Ọ̀pọ̀ ará Ìpóyè pàápàá yóò sọ fún yín pé òwe ayé àtijọ́ ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ ló bí i. Ọ̀rọ̀ náà ṣojú ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ohun tí mo sì gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ.

Ọ̀pẹ̀ òyìnbó ni iṣẹ́ Ìpóyè. Àwọn obìnrin ìlú kóra jọ, wọ́n dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ lẹ́bàá odò. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń bó o, tí wọ́n ń yọ ọkàn rẹ̀, ìyẹn igi líle àárín tí a kì í jẹ, tí wọ́n sì ń gé ìyókù ní róbótó bí òrùka kí wọ́n tó kó o sínú ààrò tí yóò gbẹ ẹ́. Ẹni tí kò ṣe iṣẹ́ náà rí ni yóò sọ pé ó dùn. Oje ọ̀pẹ̀ òyìnbó a máa jẹ ara. Bí ọwọ́ bá wà nínú rẹ̀ láti òwúrọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, awọ ìka a bó, ẹ̀jẹ̀ a máa yọ, àtifi ọwọ́ jẹun a sì di ìyà. Ráfíátù, tí gbogbo wọn ń pè ní Ìyá Kúdí, ni ti rẹ̀ le jù. Kò sí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ yá tó tirẹ̀ nídìí ọ̀bẹ, kò sì sí ẹni tí oje náà ba ìka rẹ̀ jẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ó dé ibi tí kò lè di irun ọmọ-ọmọ rẹ̀ mọ́.

Wọ́n ké sí Fadérera, ọmọ Láwoyin àgbẹ̀. Ọmọ ìlú ni, iṣẹ́ ẹ̀rọ ló kọ́, ó sì ti ṣe ẹ̀rọ tí ń pa ẹ̀pà rí. Ó ṣe ẹ̀rọ kan tí iná mànàmáná ń gbé ṣiṣẹ́. Ènìyàn yóò to ọ̀pẹ̀ òyìnbó sórí ìgbànú rọ́bà, ìgbànú náà yóò gbé wọn lọ lọ́kọ̀ọ̀kan síbi tí irin méjì yóò ti fún ikùn wọn mọ́ àárín. Ọ̀bẹ kan tó rí bí páìpù, tí ẹnu rẹ̀ mú yíká, yóò wá ti òkè wọlé, yóò sì fa ọkàn jáde. Ìyá Kúdí ni wọ́n fi sídìí títò, kí ọwọ́ rẹ̀ lè sinmi oje.

Ọjọ́ tí wọ́n tan ẹ̀rọ náà, àwọn obìnrin hó yèè. Ayọ̀ ọ̀hún kò pẹ́. Ọ̀pẹ̀ òyìnbó àkọ́kọ́ jáde dáadáa, èyí tó tẹ̀ lé e jáde pẹ̀lú ìlàjì ọkàn nínú, òmíràn fọ́ sí wẹ́wẹ́. Fadérera tú ẹ̀rọ náà, ó tún un tò, ó pọ́n ọ̀bẹ, ó dín eré mọ́tò kù. Nígbà tí kò rí ojútùú, ojú rẹ̀ lọ sára ẹni tí ń tò ó. Ó sọ níwájú gbogbo wọn pé Ìyá Kúdí ni kì í gbé èso síbi tó yẹ, pé ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ìyá Kúdí ní àárín gan-an ni òun ń gbé e sí. Fadérera ní kí ó padà sídìí ọ̀bẹ, kí ẹlòmíràn bọ́ síbẹ̀.

Ìyá Kúdí kò bá a jà. Ó wé aṣọ mọ́ ìka, ó padà sínú oje. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí wọ́n jọ ń gé, ní òun rí i tó ń fi eyín so aṣọ náà, torí pé ọwọ́ kejì kò lágbára láti so ó.

Ẹni tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ tò ó, bákan náà ló rí. Fadérera fúnra rẹ̀ tò ó, kò yàtọ̀. Ó wá rò ó pé àwọn èso náà ló wọ́. Ó gba oko bàbá rẹ̀ lọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì láti ṣa àwọn tó gún régé.

Ó ti pẹ́ tó ti dé oko gbẹ̀yìn. Àwọn ọ̀pẹ̀ òyìnbó dúró lọ títí dé etí igbó, ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí igi ìdí tirẹ̀ láàárín ewé ẹlẹ́gùn-ún, ìrì ṣì wà lára adé wọn. Ó wá èyí tó gún títí, kò rí. Ibi tí oòrùn ti ń là ni ikùn gbogbo wọn yọ sí, bí ikùn aboyún. Inú bí i, ó fa àdá yọ. Kò já èso náà kúrò lórí igi bí àwọn aláròóbọ̀ ti ń ṣe, tí wọ́n ń gé igi ìdí rẹ̀ kúrò pátápátá kí ó lè rọrùn láti kó sọ́kọ̀. Orí ìdúró níbẹ̀ ló ti là á, láti adé dé ilẹ̀. Apá kan ṣubú, apá kan dúró. Fadérera wò ó, ó sì kúnlẹ̀ tì í.

Igi kan ṣoṣo ni. Ó jáde nínú ilẹ̀, ó la àárín ewé kọjá, ó wọ inú èso, ó sì yọ lókè, ó di adé. Ọ̀nà tí ilẹ̀ gbà gun òkè ni ọkàn tó ti ń fi ọ̀bẹ wá kiri. Ẹran dídùn wọ̀nyẹn kàn sá yí i ká ni, ó pọ̀ níhìn-ín, ó kéré lọ́hùn-ún, bí oòrùn ti fẹ́. Ọ̀nà náà kò yà. Ó la òmíràn, ó tún la òmíràn, bákan náà ni.

Bàbá rẹ̀ bá a lórí ìkúnlẹ̀, ó rò pé ejò ti bù ú jẹ.

"Bàbá, ẹ wò ó," ni Fadérera wí. "Ìdí rẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Ikùn ni mo sì ń wọ̀n látọjọ́ yìí."

Láwoyin ti fi ọ̀pẹ̀ òyìnbó tọ́ ọmọ dàgbà, ṣùgbọ́n kò là á lórí ìdúró rí. Òun náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìka tọ ọ̀nà náà láti ilẹ̀ dé adé, ó sì ṣí fìlà rẹ̀. Ó ní ojoojúmọ́ ayé ni òun ń kọjá lára iṣẹ́ Ọlọ́run yìí, tí òun kò sì mọ̀.

Kí Fadérera tó dé ìlú ni ọ̀rọ̀ Ìyá Kúdí ti wọ̀ ọ́ lára. Kò yà sí ilé-iṣẹ́. Ilé ìyá náà ló kọ́kọ́ lọ, ó bá a níbi tó ti ń fi àdín pa ìka. Ó kúnlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá Kúdí, mo ṣẹ̀ yín. Àárín lẹ ń gbé e sí lóòótọ́. Ẹ̀rọ mi ni kò mọ ibi tí ọkàn wà."

"O rí ọwọ́ mi tó ń gbọ̀n, o sì ti dájọ́ tán," ni Ìyá Kúdí wí. "O ò bi mí ní ìdí ọ̀rọ̀." Lẹ́yìn náà ló ní kí ó dìde, ó sì bi í bóyá ẹ̀rọ ọ̀hún yóò wá ṣiṣẹ́ báyìí.

Fadérera yọ irin tí ń fún ikùn dànù. Ó rọ ọwọ́ irin oníka mẹ́ta tí yóò máa di igi ìdí mú, ó sì to ọ̀bẹ náà sí ojú ìlà kan náà pẹ̀lú rẹ̀. Wọ́n bẹ àwọn àgbẹ̀ àti àwọn aláròóbọ̀ kí wọ́n máa fi igi ìdí sílẹ̀ díẹ̀ lára èso. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, Ìyá Kúdí ni wọ́n ní kó wá tò ó. Ó ṣa èyí tó wọ́ jù nínú apẹ̀rẹ̀, ó gbé e lé e.

Ọwọ́ irin náà na ìka, ó di ìdí èso mú jẹ́jẹ́ bí ìyá tó di ọrùn-ọwọ́ ọmọ mú. Ọ̀bẹ sọ̀ kalẹ̀. Ọkàn náà jáde ní odindi, ó funfun, ó gún bí àbẹ́là. Òmíràn tẹ̀ lé e, òmíràn tún tẹ̀ lé e, kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn wọ́n. Kò sẹ́ni tó hó lọ́jọ́ náà. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní ṣe ni wọ́n dúró bí ẹni tó wà nínú ilé àdúrà, tí wọ́n ń wò ó títí apẹ̀rẹ̀ fi kún. Ìyá Kúdí gé òrùka kan lára èyí tó kọ́kọ́ jáde. Apá kan rẹ̀ fẹ̀, apá kejì tẹ́ẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n ihò àárín rẹ̀ mọ́ tónítóní. Ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, ó wo Fadérera láti inú ihò náà, ó sì fi ohùn jẹ́jẹ́ wí pé, "Ikùn ọ̀pẹ̀ òyìnbó ń tanni jẹ, ìdí rẹ̀ ni ọkàn ti ń bẹ̀rẹ̀."

Láti ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti bọ́ sígboro. Lónìí, bí ẹnìkan bá fẹ́ dá ẹlòmíràn lẹ́bi nítorí ohun tí ojú rẹ̀ rí nìkan, tí kò wádìí bí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, òwe yìí ni àwọn àgbà Ìpóyè máa ń pa fún un. Wọn a pa á, wọn a sì dákẹ́, kí onítọ̀hún lè padà lọ béèrè.