Òkété àti Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ Ìyá Ẹtu

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ dáhùn dáadáa, àbí kí n wọlé lọ sùn? Àlọ́ mi rìn títí, ó bà sórí Òkété alárékérekè, lọ́jọ́ tí bàbá rẹ̀ kú.

Nílùú àwọn ẹranko, wọn kì í sin bàbá láìjẹ́ pé ọtí ọkà bàbà tí ọmọ rẹ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ pọn ti kan ilẹ̀. Bí kò bá sí ọtí, ẹbí ò ní fọwọ́ kan òkú. Ìyá Ẹtu nìkan ló sì ní gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀, ìyẹn ìsàlẹ̀ ọtí àtijọ́ tó ń mú ọtí tuntun hó. Ojoojúmọ́ ló ń fi ògì ọkà tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bọ́ ọ bí ọmọ ọwọ́.

Nígbà tí Òkété wá tọrọ, ó bu igbá kan fún un.

"O kú àráfẹ́rakù, ọmọ mi. Máa rọra bọ́ ọ. Ọjọ́ mẹ́ta ni yóò fi hó. Má kánjú o."

Ọjọ́ mẹ́ta kẹ̀? Igbá kan péré? Ìkòkò méje ni Òkété ń fẹ́, kí gbogbo ayé lè máa ròyìn ìsìnkú bàbá òun. Ló bá figbe ta:

"Yéè! Ìyá Ẹtu, ọmọ yín ti já sódò!"

Ìyá arúgbó sáré jáde. Òkété da gbogbo gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ sínú kèǹgbè, ó bu ẹrẹ̀ sí ìkòkò kó má baà fúyẹ́, ó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ẹ ò rí ọ̀dájú?

Nílé, ó rántí pé ẹ̀bá ààrò ni Ìyá Ẹtu ń gbé ìkòkò rẹ̀ sí. "Àṣé ooru ló ń jẹ!" Ó pín gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ sí ìkòkò méje, ó da ògì gbígbóná janjan lé e lórí. Ó jókòó tì í, ó ń kọrin. Ẹ gbè é:

Ìkòkò mi méje, ẹ dìde o,
— Hó, hó-hó!
Bàbá mi ń bẹ nílẹ̀ o,
— Hó, hó-hó!
Ẹbí ń bọ̀ lọ́túnla o,
— Hó, hó-hó!

Ìkòkò ò dáhùn. Ó gbé etí lé e. Kẹ́kẹ́ pa. Ilẹ̀ mọ́, ó tún kọrin títí ohùn rẹ̀ fi há. Ìfófó kan ṣoṣo, kò rí. Ògì gbígbóná ti pa gbogbo gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀.

Ó sáré lọ dọ̀bálẹ̀. "Ìyá, ẹ ṣàánú mi! Díẹ̀ péré, nítorí bàbá mi!"

Ìyá Ẹtu fi ẹrẹ̀ inú ìkòkò hàn án. Kò tilẹ̀ bú u. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Ọwọ́ ìyá mi ni mo ti gbà á, Òkété. Ọwọ́ ìyá tiẹ̀ lòun náà ti gbà á. Ibo ni kí n ti rí òmíràn?"

Ẹbí dé, wọn ò bá ọtí. Wọ́n wo òkú, wọ́n wo Òkété, wọ́n pẹ̀yìn dà. Òun nìkan ló wọ́ bàbá rẹ̀ lọ sínú igbó. Òun nìkan ló gbẹ́lẹ̀. Òun nìkan ló sunkún. Òjò rọ̀ fún ọjọ́ méje, ilẹ̀ tẹ́jú, kò mọ ojú oórì mọ́.

Ìdí nìyẹn tí Òkété fi ń gbẹ́lẹ̀ káàkiri títí dòní. Ẹ̀yin rò pé ilé ló ń kọ́. Bàbá rẹ̀ ló ń wá, kó lè bẹ̀ ẹ́.

Àlọ́ mi parí síbẹ̀. Ẹ má gbè é mọ́.