Ìdí Tí Ẹ̀gà Ajọkà Fi Ń Fi Ẹran Bọ́ Ọmọ

Nígbà láéláé, kí ọ̀pẹ ẹ̀yìnkùlé tó mọ ohun tí í jẹ́ ariwo, ẹ̀gà ló dákẹ́ jù nínú gbogbo ẹyẹ. Ọkà bàbà ni wọ́n ń jẹ, ọkà kì í sì í sá fún ẹnikẹ́ni. Bí ẹ̀gà bá ti ṣa ìwọ̀nba tó fẹ́ láàárọ̀, ó di orí ìtẹ́. A ká ẹsẹ̀ sábẹ́, a máa tòògbé títí oòrùn yóò fi wọ̀.

Ṣùgbọ́n bí ẹ̀gà bá pa ọmọ mẹ́wàá, agbára káká ni ọ̀kan fi ń yè. Wọn a ní, "Bí tiwa ṣe rí nìyẹn." Wọn a sì tún yé ẹyin mìíràn.

Ìyá ẹ̀gà kan wà tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Ó ti pa ọmọ lẹ́ẹ̀mejì, kò ku ọ̀kan. Nígbà kẹta, ó pa mẹ́ta. Lọ́jọ́ kẹfà ó wò wọ́n, àyà rẹ̀ já. Ikùn wọn rí rogodo. Ẹsẹ̀ wọn tín-ín-rín bí òwú. Ìhòòhò ni wọ́n wà, kò sí ìyẹ́ kan ṣoṣo lára wọn. Àbíkẹ́yìn ti fi apá gbo ìtẹ́ dégbò láti ọjọ́ kejì, egbò ọ̀hún kò sì jiná.

Ó jí Àkàngbé ọkọ rẹ̀. "Baálé mi, ẹ dìde. Àwọn ọmọ yìí ò ṣe dáadáa."

Àkàngbé la ojú kan. "Fi ọkà kún ọkà wọn."

"Mo ti fi kún un. Ikùn nìkan ló ń tóbi."

"Ọkà náà ni wọ́n fi tọ́ èmi. Jókòó, Àwẹ̀ró, o ń mi ìtẹ́."

Àwẹ̀ró jókòó. Ó dìde. Ó tún jókòó. Ó yẹ àkọ́bí wò, ó yẹ ìkejì wò, ó fi ẹnu kan àbíkẹ́yìn bóyá ó ṣì ń mí. Lórí àràbà òdìkejì odò, àwọn ọmọ Lékèélékèé tí wọ́n jọ bí lọ́jọ́ kan náà ti ń na apá, ìyẹ́ wọn funfun báláú. Àwẹ̀ró wò wọ́n títí. Nígbà tí ara rẹ̀ kọ̀ tí kò balẹ̀, ó fò lọ bá ìyá wọn níbi tó ti ń tẹ̀ lé màlúù kiri nínú pápá.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá."

"O káre, Ìyá Ẹ̀gà. Kí ló gbé ọ jáde lọ́sàn-án gangan?"

"Àwọn ọmọ mi ni. Wọ́n ń jẹun, wọn ò dàgbà."

"Kí lo fi ń bọ́ wọn?"

"Ọkà ni, Ìyá."

Lékèélékèé ṣá tata kan mì, ó wá yíjú sí i. "Ọkà dára, ọmọ mi. Igi ìdáná ni ọkà nínú ara. Ṣùgbọ́n ta ló ń fi igi ìdáná mọ ògiri? Inú ẹran ni èròjà ìmọlé wà. Bó bá dé ikùn, ikùn á tú u sí wẹ́wẹ́. Òmíràn á lọ di iṣan, òmíràn á hun ìyẹ́, òmíràn á dí ojú egbò. Ara lè pèsè àwọn kan nínú wọn fúnra rẹ̀. Àwọn yòókù, bí ẹnu ò bá gbé wọn wọlé, ara ò ní í rí wọn láéláé."

Ó mú Àwẹ̀ró lọ sídìí igi ẹlẹ́gùn-ún tó fi ẹran pamọ́ sí de ọjọ́ òjò. Ó já tata mẹ́ta tó ti sá gbẹ lóòrùn fún un.

"Omi ló bá oòrùn lọ, oore ẹran ṣì wà níbẹ̀. Rún un fún wọn. Kì í ṣe àjẹyó, ìpanu ni: díẹ̀ láàárọ̀, díẹ̀ lọ́sàn-án, díẹ̀ nírọ̀lẹ́. Má sì dá ọkà dúró. Ṣùgbọ́n gbọ́ o. Bí èyí bá tán, ìwọ ni yóò máa wá a. Ẹran ní ẹsẹ̀. Ẹni tó bá ń lé e kò ní í ráyè jókòó mọ́. Ṣé o gbà?"

"Mo gbà, Ìyá."

Nígbà tó délé, Àkàngbé rí ohun tó wà lẹ́nu rẹ̀. "Kí nìyẹn?"

"Ẹran ni, fún àwọn ọmọ."

"Ẹran! Nínú ilé àwa ajọkà!" Ó fi ẹsẹ̀ gbá tata mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dànù. Kí Àwẹ̀ró tó balẹ̀, ìjàlọ ti wọ́ wọn wọ ihò.

Ẹ̀gà kankan kò pariwo rí. Lọ́jọ́ náà, Àwẹ̀ró pariwo débi pé gbogbo ọ̀pẹ mì. Ó fò sókè, ó fò sódò, kò rí kòkòrò kan mú. Òjò dé, ilẹ̀ ṣú mọ́ ọn lọ́wọ́.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àbíkẹ́yìn kò yanu mọ́. Àkàngbé fi ẹnu tì í lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì. Ara rẹ̀ ti tutù. Àkàngbé kò lè wo ojú ìyàwó rẹ̀.

Àwẹ̀ró kò dúró sunkún. Méjì ṣì kù. Òjò ti lé èsúnsún jáde nílẹ̀. Ó lé wọn, ó pàdánù mẹ́wàá, ó mú ọ̀kan. Ó já sínú ewé ẹ̀wà, ó mú kòkòrò. Ó délé, ó rún un, ó tún lọ. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe lọ́jọ́ kejì, bẹ́ẹ̀ ló ṣe lọ́jọ́ kẹta.

Lọ́jọ́ kẹrin, ìdí ìyẹ́ yọ ṣóńṣó lápá àkọ́bí. Àkàngbé tẹjú mọ́ ọn.

"Àwẹ̀ró, níbo lo ti ń rí kòkòrò yẹn?"

"Lẹ́yìn ewé ẹ̀wà."

Kó tó sọ̀rọ̀ tán, Àkàngbé ti fò lọ. Àwọn ẹ̀gà yòókù rí ọmọ méjì tó ń na apá lórí ìtẹ́, oorun dá lójú wọn. Wọ́n ń bi ara wọn léèrè ibi tí kòkòrò wà, wọ́n ń dáhùn, wọ́n ń lọ, wọ́n ń bọ̀.

Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀gà àgbà ti ń jẹ ọkà, ṣùgbọ́n kòkòrò ló ń kọ́kọ́ fi sẹ́nu ọmọ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà náà ni kò ti mọ ìjókòó mọ́. Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ, bí ẹ bá gbọ́ ariwo wọn lórí ọ̀pẹ, ẹ má sọ òkò sí wọn. Ìyá kan ló ń bi èkejì pé, "Tìrẹ ti jẹran lónìí?"